Ìdajì Báàfù, Lọ́nà Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Hussainat ti wọ ilé ọkọ ní Irolu, kò tíì sọ "rárá" fún ọmọ ilé náà rí. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà ní Ṣàgámù nìyẹn, bí ó sì ṣe bá a nílé ọkọ nìyẹn. Bí ọmọ ilé bá ní kó wá, ó ti dìde. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gàrí, ó ti bù ú. Kódà, kì í pe orúkọ wọn. Aishat, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, Òpéléńgẹ́ ló sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta ìgbéyàwó, nítorí pé nígbà náà ọmọdébìnrin náà tín-ín-rín, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ. Lónìí, Òpéléńgẹ́ ti bí ọmọ márùn-ún, àga kan kì í gbà á tán mọ́, ṣùgbọ́n Òpéléńgẹ́ náà ni Hussainat ṣì ń pè é, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Ebenezer mẹkáníìkì sọ fún un pé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ fún tọmọdé tàgbà pé rárá, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kan ni, aláwọ̀ ewé, irú èyí tí wọ́n máa ń fi irin yí kó tó jí, bẹ́líìtì sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà páànù ló wà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Yésúfù, ọkọ Hussainat, ló rà á ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, òun ló sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo Irolu mọ̀. Bí obìnrin bá gbé ẹ̀gẹ́ dé, Yésúfù kì í bi í pé báàfù mélòó ni. Á sọ ọ́ kalẹ̀ lórí rẹ̀, á dà á sí ẹnu ẹ̀rọ títí yóò fi kún dé etí, ẹ́ńjìnì á máa kérora, èéfín dúdú á bo àtíbàbà, Yésúfù á sì máa pariwo láàárín rẹ̀ pé, "Àyè ṣì wà! Ẹ dà á sí i!" Ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ni "ó tó." Àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀. Wọ́n á dé láàárọ̀, wọ́n á ti gbé ẹ̀gẹ́ lílọ̀ wọn padà sílé kí oòrùn tó mú. Ẹ́ńjìnì náà, bó bá lẹ́nu, ì bá ní nǹkan mìíràn láti sọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kú mọ́ Yésúfù lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Ebenezer tú u palẹ̀, tó gbẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ kó lè jọ̀lọ̀ padà, tó sì fi písítìn tó sanra díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Lẹ́ẹ̀mejèèjì náà ló kìlọ̀ fún baba náà pé kó rọra lò ó títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀. Yésúfù á ní òun ti gbọ́. Kí mẹkáníìkì ọ̀hún tó dé ojú títì, wọ́n ti da báàfù kíkún sí i.

Ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, Yésúfù alára ló wó. Ó gbé báàfù sókè lábẹ́ àtíbàbà yẹn, apá ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, báàfù já bọ́, òun náà sì tẹ̀lé e. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nílé ìwòsàn, ó sì padà wálé pẹ̀lú apá tó rọ jọwọrọ, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, àti ẹnu tí kò lè sọ ju "hẹn" lọ. Hẹn ni bẹ́ẹ̀ ni, hẹn ni rárá, hẹn ni omi, hẹn ni ẹ gbé mi dìde. Hussainat ní láti wo ojú rẹ̀ kó tó mọ èwo lèwo.

Láti ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́rùn. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà ló ti ń gbé omi gbóná, torí pé ọkùnrin tó ga tó Yésúfù kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń wẹ̀ ní kánmọ́kánmọ́. Á wẹ̀ ẹ́, á wọ̀ ọ́ láṣọ, á fún un ní ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú ṣíbí, á gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni yóò lọ yí ẹ́ńjìnì. Ọmọ mẹ́ta ló bí: obìnrin méjì wà nílé ọkọ, Ridwanullah sì wà ní Kàdúná, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Ridwanullah ń pè é lórí fóònù. "Màámi, ẹ máa sinmi o." Hussainat á ní òun ti gbọ́, gẹ́gẹ́ bí baba ọmọ náà ṣe máa ń sọ fún Ebenezer.

Lẹ́yìn Iléyá, ẹ́ńjìnì náà kú lẹ́ẹ̀kẹta, mọ́ òun náà lọ́wọ́. Ó fún un ní ẹ̀gẹ́ kíkún gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe, ó gbọ́ tí ohun kan ń lù nínú rẹ̀ kó-kó-kó, ẹ́ńjìnì sì dákẹ́. Ebenezer gbé e lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù, ó sì gbé e padà wá lọ́jọ́ Jimọ́ọ̀ kan. Nígbà tó dè é mọ́lẹ̀ tán, kò kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Màámi, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni ó wí. "Gbígbẹ́ ìkẹyìn la gbẹ́ yìí. Inú sílíńdà yẹn ti fẹ̀ dé ibi tó lè fẹ̀ dé, kò sí písítìn tó tún sanra ju èyí lọ mọ́. Bó bá tún bàjẹ́, àwọn tó ń ra irin àlòkù lẹ máa pè, ẹ má pè mí."

Hussainat sún mọ́ ọn. "Kí ni kí n wá ṣe fún un?"

"Rọ́níìnì ni. Ríǹgì tuntun tó wà lára písítìn àti ara sílíńdà yẹn, wọn ò tíì mọ ara wọn. Wọ́n máa ha ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi bára mu. Tẹ́ ẹ bá di ẹrù lé e lórí báyìí, wọ́n á jẹra wọn. Tẹ́ ẹ bá sì wá ń kẹ́ ẹ, tẹ́ ẹ ń jẹ́ kó máa dún lásán láìlọ nǹkan kan, ó burú bákan náà. Ara sílíńdà á kàn máa dán bíi dígí, ríǹgì ò ní rí nǹkan dì mú, gbogbo ọ́ìlì á sì máa jóná. Ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, àmọ́ ìdajì iṣẹ́. Ẹ bu ìdajì báàfù sí i. Tó bá di ìdajì mẹ́ta, ẹ pa á kó tutù. Báyìí títí ẹ máa fi lọ bí ọgọ́rùn-ún. Ẹ kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Hussainat kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Ilé olóbì ni wọ́n bí i sí. Ìka ló fi kọ́ ohun tó mọ̀: bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ obì kí wọ́n lè mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ nínú, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ̀ bóyá agbọ̀n ti ń gbóná láti ìsàlẹ̀. Ó wo tẹ̀sùbáà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó lè jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún?"

Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Ebenezer, ṣùgbọ́n ó ti gbé láàárín àwọn Mùsùlùmí Ṣàgámù pẹ́ tó láti mọ ohun tó ń wò. Ó rẹ́rìn-ín. "Kò burú, Màámi. Níbi ìlẹ̀kẹ̀ gbọọrọ tó wà lẹ́yìn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yẹn, kí ẹ pàrọ̀ ọ́ìlì. Tó bá tún di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kejì, ẹ tún pàrọ̀ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá parí gbogbo ẹ̀, tí ọ́ìlì tó jáde bá mọ́, ẹ pè mí, ká dúpẹ́."

Hussainat fi ọ̀dà pupa fa ìlà yí inú báàfù kan po ní agbedeméjì. Ó kan ìṣó mọ́ òpó àtíbàbà, ó gbé tẹ̀sùbáà kọ́ ọ, ó sì já òwú pupa kan láti etí ìborùn rẹ̀, ó so ó mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá ti lọ ìdajì kan tán, á sún òwú náà sórí ìlẹ̀kẹ̀ tó kàn.

Ta ló sọ pé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe wà? Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an wà lọ́dọ̀ ẹni tí yóò máa kọ̀ fún èèyàn. Àwọn obìnrin dé ní àárọ̀ Sátidé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n ti bó ẹ̀gẹ́ wọn, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́. Hussainat fi ìlà pupa hàn wọ́n. Wọ́n wo ìlà, wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní ṣé ẹ́ńjìnì náà lóyún ni. Òmíràn ní Ìyá Ridi ti di dókítà. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo bó ṣe ń bu ìdajì, bó ṣe ń sún òwú, bó ṣe ń gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì bí ẹni tó ń wo ibà lára ọmọ, bó ṣe ń pa á lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta tó sì ń ní kí wọ́n dúró. Àwọn kan dúró. Àwọn kan gbé ẹ̀gẹ́ wọn gun ọ̀kadà lọ sí Òde Rẹ́mọ, wọn ò sì kí i bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ìdajì mẹ́wàá ni lójúmọ́, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín wọn, á sáré lọ yí ọkọ rẹ̀ sí ibòji, á fún un lóògùn, á dáná, á padà. Nígbà tí òwú pupa dé ìlẹ̀kẹ̀ gbọọrọ àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì gbígbóná sì ṣàn sínú abọ́. Ẹ̀rù bà á nígbà tó rí i. Ọ́ìlì náà ń dán, eruku irin kún inú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bu iyanrìn etí odò sí i. Ó pe Ebenezer. Ebenezer ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé ríǹgì àti sílíńdà ló ń bára wọn jà, wọ́n máa tó parí ìjà. Hussainat rọ tuntun sí i. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó ní láti di òpó mú kó tó lè nàró.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni Òpéléńgẹ́ yà sí i. Ẹbí ọkọ tirẹ̀ ti ta ilẹ̀ tó ń dá oko lé lẹ́bàá títì márosẹ̀, katapílà ń bọ̀ wá dà á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fa gbogbo ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀ tu lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyàwó, ìgbà wo ni eré yìí máa parí?" ni ó bi Hussainat.

Hussainat wo tẹ̀sùbáà, ó ṣírò. "Tó bá di Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, Òpéléńgẹ́ mi, ó ti parí. Ẹ máa gbé e bọ̀ lọ́jọ́ náà, màá lọ̀ ọ́ fún yín ní kíkún."

Kò purọ́. Bó ṣe rí nínú ìṣírò rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jimọ́ọ̀, ó lọ sí Ṣàgámù lọ gba oògùn Yésúfù, kó sì ra ọ́ìlì sílẹ̀. Wọ́n ti kírun Jimọ́ọ̀ tán kó tó dé. Ohun àkọ́kọ́ tó wò ni òpó àtíbàbà, torí pé ó ti di bárakú fún un. Ìṣó wà níbẹ̀. Kò sí tẹ̀sùbáà lórí rẹ̀.

Ó yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yésúfù jókòó sórí àga rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò fà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti òun fúnra rẹ̀ ti já láàárọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ fọ́n ká sábẹ́ àga. Baba náà ti dìde, ó ti wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó sì ti wọ́ ọ padà, kó tó lè rí ohun tí yóò fi ṣe àsíkírì. Òwú pupa wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti tú u, nítorí ó ń dí i lọ́wọ́.

"Bàbá Ridi!" Hussainat ké. "Ibo lòwú yẹn wà kẹ́ ẹ tó tú u? Ìlẹ̀kẹ̀ wo ni?"

"Hẹn," Yésúfù wí. Ojú rẹ̀ ò mọ nǹkan kan.

"Ẹ dá mi lóhùn! Kí lẹ ń tọrọ tí ẹ ò lè fi ìka tọrọ rẹ̀?"

Yésúfù gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, tẹ̀sùbáà ń fì lára rẹ̀. Ó nà án sí ẹ́ńjìnì.

Inú bí Hussainat débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ń ṣàdúrà fún ẹ́ńjìnì, ó sì fi àdúrà náà pa iye ẹ́ńjìnì rẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta, ìyẹn dá a lójú. Ṣé méjìléláàádọ́ta ni? Ṣé méjìdínlọ́gọ́ta? Òwú ló gbé ìṣírò lé lọ́wọ́, orí rẹ̀ ò sì gbà á mọ́ láti bí oṣù mẹ́wàá. Ó pe Ebenezer. Ebenezer ní kó fojú bù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kò sí písítìn tó sanra ju èyí lọ mọ́ kò lè fojú bu nǹkan kan. Ibi kan ṣoṣo tó dá a lójú ni ìlẹ̀kẹ̀ gbọọrọ àkọ́kọ́, níbi tó ti pàrọ̀ ọ́ìlì. Ó mú òwú pupa nílẹ̀, ó so ó padà síbẹ̀. Nǹkan bí ogún ìdajì ló fi tọ́rẹ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó ránṣẹ́ sí Òpéléńgẹ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò ṣeé ṣe mọ́. Ó rò ó bó ṣe ń wẹ Yésúfù ní ìrọ̀lẹ́, ó sì gbàgbé rẹ̀ kó tó nù ún tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbé ọkọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ àtíbàbà, lẹ́bàá òpó, ó gbé tẹ̀sùbáà náà tòun tòwú lé e lórí itan.

"Ẹ̀yin lẹ pa á rẹ́," ni ó wí. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa kà á." Kì í ṣe ohùn ìyàwó dáadáa ló fi sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó wá ohùn rere lọ.

Yésúfù ń kà á. Ó ń pẹ́ kó tó sún òwú, àtàǹpàkò kan ò rọrùn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀kan. Bí Hussainat bá da ìdajì sí i, baba náà á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́, á máa gbọ́. Ó ti lo ẹ̀rọ yẹn fún ọdún méjìlélógún, ó sì dà bíi pé ìgbà yìí ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, Òpéléńgẹ́ dé. Báàfù mẹ́jọ ló fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kó wá, ẹ̀gẹ́ bíbó, funfun, ó kún dé etí. Hussainat rí i lókèèrè, ó sì rántí iṣẹ́ tí òun ò rán. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni òwú wà.

Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Òpéléńgẹ́ gbọ́ ọ tán.

"O fẹ́ sọ fún mi pé nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ṣe àsíkírì, ẹ̀gẹ́ mi máa dúdú?"

"Ẹ má bínú, Òpéléńgẹ́ mi. Mo máa lọ̀ ọ́. Ìdajì ìdajì ni màá máa lọ̀ ọ́."

"Ìdajì!" Òpéléńgẹ́ pàtẹ́wọ́, ó bọ́ sí èdè Rẹ́mọ pọ́ńbélé, ó bú ẹ́ńjìnì, ó bú mẹkáníìkì, ó bú àwọn tó ra ilẹ̀, ó sì fi ìyàwó ilé kádìí rẹ̀. Ẹ̀rọ ta ni? Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun fi ń lò ó, ta ló ń fi ọ̀dà fa ìlà síkùn báàfù? Ohun tó yẹ kí Hussainat sọ wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó lé e lórí. Ó dìde, ó mú irin, ó yí ẹ́ńjìnì.

Ìdajì kan. Ìdajì méjì. Ìdajì mẹ́ta. Òwú pupa dé ìlẹ̀kẹ̀ gbọọrọ kejì, ó sì di dandan kó pàrọ̀ ọ́ìlì. Òpéléńgẹ́ pòṣé, ó lọ jókòó sórí àpò. Hussainat tún kúnlẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì jáde, ó dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ abọ́ sínú oòrùn, kò rí ju ìdán díẹ̀ lọ níbẹ̀. Wọ́n ti ń parí ìjà. Inú rẹ̀ ì bá dùn bí àyè bá wà fún ìdùnnú nínú rẹ̀. Àyè kò sí. Ó rọ ọ́ìlì tuntun, ó dúró kí ẹ́ńjìnì tutù, ó lọ kírun Àyílà, ó padà wá yí i. Irin yíyí náà gba gbogbo ìyókù agbára rẹ̀. Ó da ìdajì sí i, ó rí i tí Yésúfù sún òwú, ó sì fìdí lé pákó tó wà lẹ́bàá ògiri, kó kàn fẹ̀yìn tì í díẹ̀.

Oorun gbé e lọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, láì fọ ọwọ́, láì tú ìborùn.

Àmọ́ irú oorun tó ti ń sùn láti ọjọ́ yìí wá, etí rẹ̀ kì í bá a lọ. Ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnì. Ó gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń fúyẹ́, tó túmọ̀ sí pé ẹ̀gẹ́ ti ń tán lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó gbọ́ tí ẹnì kan gbé báàfù nílẹ̀, báàfù wúwo. Ó mọ ẹni náà, ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ní kí òun dìde. Ara rẹ̀ kò dá a lóhùn. Ó ń dúró de ìgbà tí ẹ́ńjìnì yóò kérora lábẹ́ ẹrù, bó ṣe máa ń kérora láyé Yésúfù, tí ohun tó ń lù nínú rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ kó-kó-kó, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì parí.

Ohùn mìíràn ló gbọ́.

"Ó tó."

Ohùn náà há, ó lọ́ra, ó sì wúwo. Hussainat la ojú kan díẹ̀. Yésúfù wà lórí ìdúró. Ọ̀pá rẹ̀ ti ṣubú, tẹ̀sùbáà wé mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ náà sì wà lórí etí báàfù tí Òpéléńgẹ́ gbé dé iwájú ẹnu ẹ̀rọ. Ẹnu Òpéléńgẹ́ ṣí sílẹ̀.

"Bọ̀dá mi?"

"Aishat," Yésúfù wí. Ó mí kanlẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ tó kù, ó rí i. "Ó tó."

Òpéléńgẹ́ sọ báàfù kalẹ̀, òun náà sì jókòó tì í nílẹ̀. Oṣù mẹ́wàá rèé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pe orúkọ rẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé, gbangba, èjìká rẹ̀ ń mì, ẹ́ńjìnì sì bo ẹkún náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi etí ìró nu ojú, ó fa báàfù òfìfo kan mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì kó ẹ̀gẹ́ kúrò nínú kíkún. Nígbà tó rò pé ó ti di ìdajì, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Yésúfù mi orí. Ó yọ ẹ̀gẹ́ méjì sí i. Yésúfù mi orí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yọ ọ̀kan. Ìgbà náà ló tó gbé e, ó sì rọra dà á.

Ohùn ẹ́ńjìnì lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó gbà á mọ́ra, ó padà sókè, ó ń lọ geere.

Yésúfù di òpó mú, ó rọra padà sórí àga. Ó fi àtàǹpàkò sún òwú pupa sórí ìlẹ̀kẹ̀ tó kàn. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé ojú ìyàwó òun là sílẹ̀ díẹ̀, pé ó ń wo òun.

"Hẹn," ni ó wí.

Hussainat mọ èwo ni ìyẹn. Iṣẹ́ ṣì wà: ìdajì mọ́kànlá ló kù nínú ẹ̀gẹ́ Òpéléńgẹ́, oògùn ọ̀sán wà lórí tábìlì, aṣọ wà nínú omi. Ó pa ojú rẹ̀ dé, ó sì sùn, nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ, kò sì sí ẹni tó jí i.